Iná Tí A Óò Dá Lórí Lewis Mountain

Ní ìparí oṣù kẹjọ yìí, kí àwọn ọmọ tó padà sílé-ìwé, èmi àti ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti Màámi máa lọ pàgọ́ sórí Lewis Mountain, òkè kan ní Virginia. Láti ọjọ́ tí a ti gba àyè sílẹ̀ ni mo ti ń dáná náà lọ́kàn mi. Mo ti mọ bí màá ṣe to igi, mo ti mọ ohun tó máa kọ́kọ́ wọná, mo sì ti mọ ẹni tí màá gbé àga fún kó jókòó tì í. Àgọ́ ti wà nílẹ̀, aládùúgbò wa ló yá wa. Ìkòkò irin onídèérí tó wúwo bí òkúta náà ti wà lórí tábìlì, ìyàwó mi ti fi òróró pa á lára títí ó fi ń dán. Ó ku kí bàlúù gbé Màámi dé.

Àwọn ènìyàn wa ní Maryland níbí máa ń bi mí pé kí ló ń lé wa lọ sígbó nígbà tí a ní ilé, tí a sì ní bẹ́ẹ̀dì. Màámi fúnra wọn, nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún wọn lórí fóònù pé igi la fẹ́ fi dáná, wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣé gáàsì yín bàjẹ́ ni?"

Mi ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbéèrè yẹn. Igi ni ìyá tó bí Màámi fi dáná títí ọjọ́ alẹ́ wọn, nínú ilé ìdáná tí kò ní ju fèrèsé kékeré kan lọ. Ojú wọn pọ́n, omi kì í dá níbẹ̀, ikọ́ ò sì jẹ́ kí wọ́n sùn lóru. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn káàkiri ayé ní ọdún 2020 nìkan, àwọn ìyá àti ọmọdé ló sì máa ń fara káásá rẹ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí Màámi fi dúpẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ra sítóòfù oníkẹrosíìnì, tí wọ́n sì tún dúpẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ tí wọ́n ra gáàsì. Ẹni tó bá mọ ìtàn yẹn kò ní jókòó sí Amẹ́ríkà kó máa yin igi ìdáná bí ẹni pé ìyà ò sí nínú rẹ̀ rí. Iná tí mo ń wá yàtọ̀. Iná ìta gbangba ni, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba èéfín lọ, tí gbogbo ènìyàn sì jókòó yí i ká. Iná abà ni.

Bàbá bàbá mi ní abà kan nítòsí Òkehò, ní Òkè Ògùn. Bí ilé-ìwé bá ti gba họlidé gígùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwa ọmọ lọ. Ilé alámọ̀ kékeré ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àká tí wọ́n ń kó àgbàdo sí, àti igi irú ńlá kan tí a ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán. Iná abà yẹn kì í kú. Bó bá di alẹ́, ìyá àgbà á fi eérú bo ògúnná mọ́lẹ̀. Bílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á wa eérú náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ki ewé gbígbẹ bọ̀ ọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wọ́n á fẹ́ ẹ, kò ní pẹ́ tí iná á fi sọ. Bí ti abà kejì bá kú, wọ́n á rán ọmọ wọn pẹ̀lú àpáàdì kó wá bu iná lọ́dọ̀ wa. Mo rántí bí ọmọ yẹn ṣe máa ń rìn padà, á na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ojú rẹ̀ ò ní kúrò lára ògúnná náà.

Igi ayìn ni ìyá àgbà fẹ́ràn jù. Ó le, ó wúwo, ògúnná rẹ̀ sì máa ń pẹ́ nílẹ̀. Bí a bá ṣẹ́ igi tútù wá, wọn ò ní bá wa jà, wọ́n á kàn ki ìkan bọ iná kí a fi ojú ara wa rí i bí omi ṣe ń hó yọ ní ìdí rẹ̀, tí èéfín ń lé gbogbo wa kiri. Ọjọ́ kejì, a ò ní ṣẹ́ igi tútù mọ́. Wọ́n á pa ọ̀rọ̀ àgbà pọ̀ mọ́ ọn pé igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú, wọ́n á yọ èyí tó wọ́ jù sọ́tọ̀, kí ìkòkò lè jókòó dáadáa lórí ààrò.

Ohun tí mo ń fi gbogbo ara retí jù ni iṣu sísun. Mo fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí mo ti rí ọ̀pọ̀ tí wọ́n bà á jẹ́. Iṣu sísun ò fẹ́ ọwọ́ iná. Ẹni tó bá gbé iṣu lé iná tó ń jó lala, èèpo nìkan ló máa sun, inú á wà ní tútù. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ jẹ́ kí igi jó tán, kí ó di ògúnná pupa tí eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ń bo ojú rẹ̀. Nígbà náà la máa fi igi tẹ́ ẹ sílẹ̀, tí a máa to iṣu lé e, tí a óò sì máa yí i padà láìkánjú. Ìyá àgbà máa ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ kan iṣu náà. Èyí tí kò tíì jinná máa ń dún gan-an, èyí tó ti jinná á dáhùn lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á fi ọ̀bẹ họ ọ́ kanrin kanrin títí dúdú ara rẹ̀ á fi kúrò, tí yóò ku èèpo pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń ta sánsán. Wọ́n á bù ú sí méjì. Bí iṣu bá ta, á funfun, á hu bí ìyẹ̀fun. Epo pupa, iyọ̀, ata gígún díẹ̀. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni gbé síwájú mi láti ìgbà yẹn tó dùn tó o.

Àwọn ọmọ mi ò tíì jẹ ẹ́ rí. Wọ́n ti jẹ iṣu tí mo fi ẹ̀rọ yan, ó sì dùn díẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín ò sí nínú rẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n mọ̀ máa ń dún píìpíì láti pè wọ́n, wọ́n á kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á gbé e, wọ́n á padà. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n jókòó dúró dè é. Àkọ́bí mi, ọmọbìnrin ọdún 13, bi mí lọ́jọ́ kan pé báwo la ṣe máa mọ̀ pé iṣu náà ti jinná bí kò bá sí aago lára iná. Mo ní Màámi, Màmá Òkehò tiwọn, ló máa fi hàn án. Ìdí ìrìnàjò yìí gan-an nìyẹn. Ohun tí Màámi mọ̀ nípa iná, inú etí wọn, imú wọn àti ọwọ́ wọn ló wà, a ò lè fi fídíò orí WhatsApp gbà á. A ti gbìyànjú rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ fi ọwọ́ súnmọ́ ọn, bó bá ti gbóná báyìí, ó ti tó," àwọn ọmọ á sì máa wo fóònù. Báwo ni fóònù ṣe fẹ́ gbóná báyìí?

Ibùdó ìpàgọ́ kì í ṣe ẹyọ kan ní Shenandoah, ọgbà igbó ńlá tí òkè náà wà nínú rẹ̀. Big Meadows tóbi, ó gbajúmọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ. Lewis Mountain ló kéré jù lọ nínú gbogbo wọn. Èmi ni mo sọ pé ibẹ̀ la máa lọ, ìyàwó mi sì gbà nígbà tí mo ka ìtàn ibẹ̀ fún un.

Ọdún 1935 ni wọ́n dá Shenandoah sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbà igbó orílẹ̀-èdè. Ní oṣù keje ọdún 1936, Ààrẹ Franklin Roosevelt wá sí Big Meadows láti ṣí i fún gbogbo ará Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n Virginia ni ibẹ̀ wà, nígbà tí òfin ìpínyà ẹ̀yà ṣì múlẹ̀ níbẹ̀. Ènìyàn dúdú ò gbọdọ̀ bá òyìnbó jókòó jẹun, kò gbọdọ̀ bá a sùn sí ibùdó kan náà. Nítorí náà ni wọ́n fi ṣí Lewis Mountain ní 1939 fún àwọn ènìyàn dúdú nìkan, pẹ̀lú àwọn ilé kékeré onígi, ilé oúnjẹ, ibi ìpàgọ́ àti ibi tí ìdílé ti lè jókòó jẹun lábẹ́ igi. Pátákó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé àyè àwọn ènìyàn dúdú nìyí. Harold Ickes tó jẹ́ mínísítà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọgbà ìjọba nígbà náà ò fara mọ́ ìpínyà yẹn, agbaninímọ̀ràn rẹ̀ tó jẹ́ ènìyàn dúdú, William Trent, náà ò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Ogun Àgbáyé Kejì parí kí àṣẹ tó jáde, ní 1945, pé kí ìpínyà dópin nínú gbogbo ọgbà orílẹ̀-èdè. Nígbà tí yóò fi di 1950, ẹnikẹ́ni ti lè sùn síbi tó bá wù ú ní Shenandoah.

Mo máa ń ro ti àwọn tó wá síbẹ̀ ní 1939 àti 1940. Wọ́n di ẹrù wọn sínú ọkọ̀ ní Washington, wọ́n di oúnjẹ dání nítorí wọn ò mọ ilé epo tàbí ilé oúnjẹ tó máa gbà wọ́n lójú ọ̀nà, wọ́n kọjá àwọn ibi tí ojú wọn rí tí ẹsẹ̀ wọn ò lè yà sí, títí wọ́n fi dé orí òkè kan ṣoṣo tí wọ́n ní wọ́n lè sọ̀kalẹ̀ sí. Níbẹ̀ ni wọ́n dáná. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹun, àwọn ọmọ wọn sáré láàárín igi. Ilé mi kì í ṣe ìran tiwọn, bàlúù ló gbé èmi àti ìyàwó mi dé orílẹ̀-èdè yìí, ìwé ìrìnnà sì wà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi, ọmọ dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n, ẹnikẹ́ni tó bá rí wọn lójú pópó ò ní béèrè Òkehò lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ ilẹ̀ tí wọ́n fi ìdí lé. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn tó jìyà ìpínyà yẹn ló ja ìjà tó jẹ́ kí àwa lè yan òkè tó wù wá, kí a sì yan èyí tí wọ́n fi dá wọn dúró.

Àwọn mìíràn tún wà lórí òkè yẹn ṣáájú gbogbo wọn. Nígbà tí ìjọba fẹ́ sọ ibẹ̀ di ọgbà, wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdílé àgbẹ̀ tí wọ́n ń gbé ibẹ̀, àwọn kan gba owó wọ́n lọ, àwọn kan ò fẹ́ lọ rárá. Títí dòní, ẹni tó bá ń rìn nínú igbó náà á ṣàdédé bá ibi èéfín ilé kan tó dá dúró, tàbí ibojì, tàbí igi ápù tí ẹnìkan gbìn. Ahoro ni. Ẹni tó bá dàgbà ní Òkè Ògùn mọ ahoro, ó sì mọ̀ pé a kì í kọjá níbẹ̀ ká má rò ó pé àwọn kan ti jẹun níhìn-ín rí. Màámi máa fẹ́ gbọ́ ìtàn yẹn. Wọ́n á béèrè ibi tí àwọn ìdílé náà wọ̀ sí.

Ọ̀nà tí a máa gbà gùn òkè náà ni wọ́n ń pè ní Skyline Drive, máìlì 105 ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ènìyàn ò sì gbọdọ̀ sáré ju máìlì 35 ní wákàtí lọ. Thornton Gap la máa gbà wọlé, a óò gba inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta kọjá, a óò máa lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti ń jà lórí ẹni tó máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Mo ti ní in lọ́kàn pé màá kó igi ìdáná lọ láti ẹ̀yìnkùlé wa. Kò ṣeé ṣe. Kòkòrò kan wà, àwọ̀ ewé ni, ara rẹ̀ ń dán, ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá, ọdún 2002 ni wọ́n sì kọ́kọ́ rí i ní Michigan. Ìdin rẹ̀ máa ń jẹ abẹ́ èèpo irú igi kan tí wọ́n ń pè ní ash títí igi náà á fi kú lóòró. Kò lè fò jìnnà púpọ̀ fúnra rẹ̀, inú igi ìdáná tí ènìyàn ń gbé láti ìlú dé ìlú ló ń fara pamọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí a ra igi lórí òkè níbẹ̀, tàbí kí a kó èyí tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀ wá. Mo ti sọ fún Màámi pé wọn ò ní lè ṣa igi fúnra wọn bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n ní kí n ṣáà rí i pé ó gbẹ.

Béárì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn dúdú. Wọn kì í wá ènìyàn kiri, oúnjẹ ni wọ́n ń wá, imú wọn sì mú púpọ̀. Òfin ni pé ohunkóhun tó bá ń rùn, tó bá ń ta sánsán, kò gbọdọ̀ sùn sínú àgọ́ tàbí lórí tábìlì. Inú ọkọ̀ tí a tì pa ló gbọdọ̀ wà, títí kan ọṣẹ àti ọṣẹ ìfọyín. Ẹ wá wo ẹrù tiwa: irú, ẹja gbígbẹ, edé, epo pupa, yájì tí a fẹ́ fi pa ẹran lára. Ìyàwó mi ti ra ike onídèérí tó fún dáadáa fún irú nìkan. A ti fi òfin náà kọ́ àwọn ìbejì bíi pé orin ni, wọ́n sì ti gbà pé kò sí bisikíìtì nínú àpò ìsùn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà la ṣì ń jà lé lórí. Ìyàwó mi fẹ́ ẹ̀wà olóyin sísè lálẹ́ ọjọ́ kejì, kí a fi bọ̀ọ̀lì jẹ ẹ́. Èmi ń rò ó pé ó máa pẹ́ jù. Lewis Mountain ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,400 sókè òkun, bí ènìyàn bá sì ṣe ń gòkè ni ooru tí omi fi ń hó ń dín kù. Nílé níbí, omi ń hó ní ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lókè yẹn, á ti máa hó ní nǹkan bíi 96 tàbí 97, kò sì ní gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ bó ti wù kí a koná mọ́ ọn tó. Ẹ̀wà tó jẹ́ pé nílé gan-an ó ń gba sùúrù! Ìyàwó mi ní kí a rẹ ẹ́ sómi láti òwúrọ̀, kí a sì tètè gbé e kaná. Mo rò pé òun ló máa borí. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ò ní àríyànjiyàn kankan ní tirẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìrẹsì òde àríyá nílé, igi tí wọ́n fi sè é ló ń fún un ní adùn tí sítóòfù ò lè fún un. Ìsàlẹ̀ ìkòkò ni ìyàwó mi ti ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún òun.

Bí a bá ti gbé ẹ̀wà náà kaná, àlọ́ ló kù. Gbogbo ibùdó gbọ́dọ̀ pa rọ́rọ́ láti aago 10 alẹ́, nítorí náà a óò tètè bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìbejì mọ díẹ̀ nínú àlọ́ àpamọ̀, Màámi ló ń pa á fún wọn lórí fóònù lọ́jọ́ Sunday. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni: òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ orógùn ni. Ṣùgbọ́n ìkòkò tó ń hó yaya lórí iná igi, wọn ò tíì fojú rí i rí. Lókè yẹn, orógùn á wà lọ́wọ́ wọn, a ó sì pa àlọ́ náà nígbà tí ó bá ń wọlé.

Ohun kan ló kọ́kọ́ bí Màámi nínú nínú gbogbo ètò yìí: bí a ṣe máa pa iná náà. Ìlànà ibùdó ni pé kí ẹnikẹ́ni tó sùn tàbí kó kúrò nídìí iná, kó da omi sí i, kó fi igi ro eérú àti omi pọ̀, kó tún da omi sí i, títí á fi lè fọwọ́ kàn án láìgbóná. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn lórí fóònù. "Ẹ ò ní fi eérú bò ó?" Mo ní rárá, Màámi, a ò gbọdọ̀. "Ẹ óò wá máa dá iná tuntun lárààárọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ fún wọn pé ní oṣù kẹrin ọdún 2016, iná jó ju éékà 10,000 lọ ní apá gúúsù Shenandoah, àti pé ògúnná kan tí afẹ́fẹ́ gbé sórí ewé gbígbẹ tó láti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀. Wọ́n dákẹ́. Àwọn náà mọ iná ọ̀gbẹlẹ̀, wọ́n ti rí i tó jó oko iṣu ẹlòmíràn lójú wọn.

"Kò burú," ni wọ́n sọ níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n èmi ni màá da omi sí i, kì í ṣe ọmọdé." Wọ́n wá bi mí bóyá mo ti ra iṣu. Mo ní ó di Sátidé, ní ṣọ́ọ̀bù ilé Áfíríkà tó wà lọ́nà ibi iṣẹ́ mi, iṣu Gánà ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á bá mi ṣà á, kí n tẹ orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ wò fúnra mi, kí n sì ra ju èyí tí mo ní lọ́kàn lọ, nítorí ẹni tó bá gbọ́ òórùn iṣu sísun láti àgọ́ kejì máa yà.